Ẹ gbà mí o: bankruptcy ẹ̀ẹ̀mejì ló wà lẹ́yìn wa, ṣé wọ́n ṣì lè yá wa lówó ilé?

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Kwara, tilé toko. Èmi a máa kà ni níbí, n kì í sábà sọ̀rọ̀, àmọ́ èyí ti sú mi, mo ní kí n gbé e síta bóyá a máa rí ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Houston ni èmi àti ìyàwó mi wà. Ní 2019 mo fi lóònù ra tírélà, mo ní ẹrù gbígbé ló máa gbà mí, ni Kòrónà bá dé ní 2020, iṣẹ́ dúró, ọmọ wa tún wá ṣàìsàn, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, bíìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ìyẹn mi ò fẹ́ máa rántí ẹ̀ lálẹ́ yìí. Bá a ṣe dé kóòtù nìyẹn, a ní apá wa ò ká gbèsè mọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní bankruptcy. A kọ́kọ́ file Chapter 13, èyí tí wọ́n á ní kéèyàn máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, a ò rí i san délẹ̀, kóòtù bá da ìwé náà nù ní October 2021. A tún wá file Chapter 7, èyí tí kóòtù fi ń bọ́ gbèsè kúrò lọ́rùn èèyàn láìní kó máa san díẹ̀díẹ̀, wọ́n parí ìyẹn ní March 2022.

Ní báyìí a ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo ti fi tírélà sílẹ̀, iṣẹ́ olówó oṣù ni mò ń ṣe, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Owó ilé tá à ń san ti wọ $2,000 lóṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ bá ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó ilé, ọmọkùnrin tó jókòó tì wá ò tíì ka ìwé wa tán tó fi ní ká padà wá tó bá pé ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá! Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìgbómìnà_Pàtàkì:
Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, ó jà nílé ó jà lóko, ẹ wá jẹ́ kí báńkì òyìnbó fẹ̀yìn yín nalẹ̀? Mo fi ṣeré ni o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, gbogbo owó ilé tẹ́ ẹ ń dà sọ́wọ́ òyìnbó yẹn, ẹ ò ṣe kọ́lé sí Ọ̀fà?

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Àbúrò, mo ti kọ́ ọ dé líńtẹ̀lì. Ẹni tí mò ń fowó ránṣẹ́ sí nìkan ló mọ ibi tí sìmẹ́ńtì yòókù gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró. Ọmọ Òró ni mí, Atlanta ni mo wà, iṣẹ́ yíyáni lówó ilé yìí gan-an ni mò ń ṣe jẹun. Ọmọkùnrin yẹn po nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra wọn ni. Chapter 7 máa ń hàn nínú credit report, ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń yáwó tó sì ń san án, fún ọdún mẹ́wàá, Chapter 13 ọdún méje. Pé ó ń hàn níbẹ̀ kò ní kí wọ́n má yá yín lówó. Ìwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró kí wọ́n tó lè yá yín, ọ̀tọ̀ nìyẹn, lóònù tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà ló máa sọ ọ́. FHA, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dúró fún, ọdún méjì ló ń béèrè lẹ́yìn tí kóòtù bá discharge Chapter 7. VA tàwọn sójà, ọdún méjì náà ni. USDA tìgbèríko, ọdún mẹ́ta. Conventional, èyí tí ìjọba ò dúró fún, tí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Fannie Mae máa ń rà lọ́wọ́ báńkì, ọdún mẹ́rin. Tó bá wá jẹ́ Chapter 13, conventional ní ọdún méjì tó bá jẹ́ pé wọ́n discharge ẹ, ọdún mẹ́rin tó bá jẹ́ pé wọ́n dismiss ẹ.

Ẹ má fi discharge àti dismiss wé ara wọn o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Discharge, kóòtù ti bọ́ gbèsè yẹn kúrò lọ́rùn yín. Dismiss, kóòtù kàn da ìwé yín nù ni, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́, ẹni tẹ́ ẹ jẹ sì lè padà wá kanlẹ̀kùn. Tiyín ti October 2021 yẹn, dismiss ni.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni ẹ̀ẹ̀mejì yẹn. Tẹ́nì kan bá file ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méje, ọdún márùn-ún ni Fannie Mae máa ní kó dúró, ọjọ́ discharge tàbí dismissal tó gbẹ̀yìn ni wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìyẹn á gbé yín dé March 2027. Àmọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀ "a file, a file" lẹ̀ ń sọ. Ta ló file? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé kìíní, ta ló wà lórí èkejì? Ẹ lọ wá ìwé kóòtù yẹn jáde ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Alfa_GàáÀkànbí:
Asalaamu alaekun. Mi ò fẹ́ dá yín lẹ́kun, àmọ́ gbogbo èyí, èlé lórí èlé ni. Gbèsè tó pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fẹ́ wọ òmíràn fún ọgbọ̀n ọdún? Ribà ni o. Nílé níbí, báńkì Jaiz ti wà láti 2012, kò sí èlé níbẹ̀. Ṣé kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?

Àǹtí_Maryland:
Wa alaekumu salaam, Alfa. Ó wà. Ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà lẹ máa jọ ra ilé, ẹ̀ ó máa ra ìpín tiwọn kúrò lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ ó sì máa sanwó ìlò lórí ìpín wọn tó kù títí gbogbo ẹ̀ á fi di tiyín. Ọkọ mi bá wọn dé ibì kan nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé wọn ò ní í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn o, bíbélì ni credit report lọ́dọ̀ tiwọn náà (Alfa, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀).

Alfa_GàáÀkànbí:
Mo gbọ́ o, Àǹtí. Ọlọ́run á foríjì yín.

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Mo ti wá ìwé náà, inú páálí bàtà ló wà. Bọ̀dá Mọ́géèjì, ojú tì mí díẹ̀. Orúkọ tèmi ló wà lórí Chapter 13, torí tírélà. Ìyàwó mi nìkan ló wà lórí Chapter 7, torí káàdì tó fi ń gbọ́ bùkátà nígbà tí mi ò rówó mú wálé àti bíìlì ọsibítù tó wà lórúkọ ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo la ka ara wa sí, bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé náà nìyẹn, "a file".

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Háà! Ẹ ò ṣe tètè sọ! Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Òfin Fannie Mae là á sílẹ̀ kedere: tó bá jẹ́ pé tọkọtaya tó jọ fẹ́ gba lóònù, oníkálukú wọn file tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní í ro ó pọ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni tiyín, ẹ̀ẹ̀kan ni tìyàwó yín. Ọdún márùn-ún kò kàn yín mọ́. Tiyín, ọdún mẹ́rin láti October 2021, ó ti pé lóṣù méjì sẹ́yìn. Tìyàwó yín, ọdún mẹ́rin láti March 2022, March tó ń bọ̀ yìí náà ni. Oṣù mẹ́ta péré ló kù fún yín lórí conventional. FHA ní tìyàwó yín ti ṣí sílẹ̀ láti March 2024, ẹ kàn jókòó sílé ni.

Kódà wọ́n lè dín ọdún mẹ́rin yẹn kù sí méjì fẹ́ni tó bá ní ẹ̀rí pé nǹkan tó kọjá agbára ẹ̀ ló gbé e débẹ̀, bí àìsàn ọmọ yín yẹn, àmọ́ ìwé tí wọ́n máa bèèrè pọ̀, nígbà tó sì ti ku oṣù mẹ́ta kí lẹ tún ń wá lọ síbẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Gbèsè inú Chapter 13 tiyín, níbi tó jẹ́ pé wọn ò nù ún nù, ibo ló wọlé sí?

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú! Mo pe ìyàwó mi láti ibi iṣẹ́, igbe ló kàn ń ké. Gbèsè yẹn, wọ́n gba tírélà lọ́wọ́ mi, wọ́n tà á, iye tó ṣẹ́ kù a dúnàádúrà ẹ̀, mo san án tán ní 2023, ìwé pé mo ti san án tán wà lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á sórí fóònù lónìí, ẹ má fi sínú páálí bàtà mọ́.

Mama_Ìbejì_Ajàṣẹ́:
Ẹ yọ ìyàwó kúrò lórí lóònù ńkọ́? Kí bàbá nìkan gbà á, ṣebí tiẹ̀ ti pé.

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn, Mama Ìbejì. Tó bá jẹ́ conventional, ó ṣe é ṣe, owó oṣù ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n kàn máa wò, ilé tí wọ́n lè rà á sì kéré sí i. Tó bá jẹ́ FHA, ẹ rántí pé Texas ni wọ́n wà, níbẹ̀ ohun tí tọkọtaya ní tàwọn méjèèjì ni lábẹ́ òfin, FHA á ka gbèsè ìyàwó mọ́ tọkọ, kódà kórúkọ ìyàwó má sí lórí ìwé rárá. Wọn ò kàn ní í torí bankruptcy ìyàwó lé ọkọ dànù ni.

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
FHA tàbí ká dúró de March, èwo ló dáa?

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Èmi á dúró. FHA rọrùn láti wọlé sí, credit score (máàkì tí wọ́n ń fún èèyàn lórí bó ṣe ń san gbèsè) 580 pẹ̀lú owó àkọ́san 3.5% ti tó, àmọ́ owó ìdúró ẹ̀, ìyẹn insurance lóònù náà, ló ń dunni. 1.75% lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ $250,000 lẹ yá, $4,375 nìyẹn kẹ́ ẹ tó wọlé, wọ́n sì tún máa ń gba díẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó bá san 3.5% yẹn nìkan, títí lóònù á fi tán ni. Ti conventional náà ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbèsè yín bá ti wálẹ̀ sí 80% iye ilé, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣé torí oṣù mẹ́ta lẹ máa wá sanwó yẹn fún ọgbọ̀n ọdún?

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Mo ti gbà. Ọ̀rọ̀ tó kù rèé, ó sì ń kọ mí lóminú. Àwa ọmọ Ọ̀fà mélòó kan níbí ń dá àjọ, àwa méjìlá, $1,000 lóṣooṣù, April ló máa parí. January tó ń bọ̀ ló kàn mí, $12,000, kéèṣì. Òun ni mo fẹ́ fi san owó àkọ́san. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí báńkì bá rí owó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wọ́n máa bèèrè ibi tí mo ti rí i, pé kí n máa gé e wọlé ní wẹ́wẹ́, $3,000 lónìí, $3,000 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àǹtí_Maryland:
Háà, ẹ má dán an wò!!!

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ fi yín dá ẹ̀wọ̀n ni. Kéèṣì tó bá ju $10,000 lọ, báńkì gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, ìwé lásán nìyẹn, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Ẹni tó bá wá ń gé owó ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ torí kí wọ́n má baà kọ ìwé yẹn, ẹni yẹn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kódà kí owó náà mọ́ bí omi òjò. Odindi ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ohun tẹ́ ò mọ̀ ni pé wọ́n mọ àjọ. Mo fi Ọlọ́run búra. Ìwé òfin FHA dárúkọ ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń dáwó jọ láàárín ara wọn, Fannie Mae náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní owó tó bá tibẹ̀ wá dáa láti fi rà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ẹ̀rí: pé àjọ náà wà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀ ń dá a déédéé, pé ẹ gbà á. Torí náà ẹ ní kí olórí àjọ kọ lẹ́tà, kó kọ orúkọ àti àkókò, kẹ́ ẹ sì fi àwọn owó tẹ́ ẹ ti ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù hàn nínú statement. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni gbogbo yín fi ń kó o fúnra yín láìsí àkọsílẹ̀ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ránṣẹ́ láti oṣù yìí lọ.

Ibi tó wà níbẹ̀ rèé o. Ẹni tó bá ti kó àjọ tó ṣì kù tó ń dá, wọ́n máa ka èyí tó kù yẹn sí gbèsè. Tẹ́ ẹ bá kó o ní January, $1,000 lóṣooṣù títí di April, wọ́n á fi kún gbèsè yín, ó sì lè bá ìṣirò yín jẹ́. Ẹ bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kó bá yín pààrọ̀. Ẹ kó o ní April. Ẹni tó bá kó àjọ gbẹ̀yìn kò jẹ ẹnì kankan.

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, ọdún méjì ló ti ń bẹ̀ mí pé ká pààrọ̀, mò ń fọwọ́ pa á lórí ni. Òun ló máa dùn mọ́ jù.

Ìyá_Kúlendé:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jẹ́ káwa tá a wà nílé náà gbọ́ tiwa. Àbúrò mi kan, tíṣà ni ní Òmù-Àrán, ó fi ṣeré ṣeré yá owó lórí àwọn app wọ̀nyí, márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò san. Wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ẹ̀, títí kan ìmáàmù wa. Ó ní òun fẹ́ gba owó ilé tìjọba. Ṣé òun náà máa file bankruptcy ni?

Oníbáńkì_Fáté:
Ìyá wa, ẹ kú wàhálà àbúrò. Àwa náà ní òfin bankruptcy ní Nàìjíríà o, kódà ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 sọ pé ẹni tí kóòtù bá ti kéde bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tíì tú sílẹ̀ kò lè dupò ààrẹ. Àmọ́ èmi ò tíì rí tíṣà tó gbé ara ẹ̀ débẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń lé èèyàn nílé níbí ni BVN. Láti 2014 la ti ní in, gbogbo lóònù téèyàn bá gbà ló so mọ́ ọn, àwọn credit bureau ń kó o jọ, CRC, FirstCentral, CreditRegistry. Tí báńkì bá tẹ nọ́ńbà àbúrò yín, gbogbo app yẹn ló máa tò síwájú wa. Láti 2020 ni CBN sì ti gbà kí báńkì tó bá yáni lówó lè lọ fa á yọ nínú àkáǹtì téèyàn ní ní báńkì míì. Torí náà kó má sọ pé òun á ṣí àkáǹtì tuntun.

Ẹ ní kó béèrè fún credit report tiẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bureau yẹn, òfin credit reporting ti 2017 fún un láṣẹ láti gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Kó san àwọn gbèsè kéékèèké yẹn, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kò jẹ wọ́n mọ́, kó sì rí i pé wọ́n tún un ṣe lọ́dọ̀ bureau. NHF, owó ilé tìjọba tó ń wí yẹn, tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ẹ̀, 2.5%, tó bá ti pé oṣù mẹ́fà tó ń dá a ó ti lè béèrè. Èlé ẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn báńkì. Àmọ́ kí n tú àṣírí kan fún yín, ọ̀pọ̀ tá a ń dá padà níbí, gbèsè kọ́. Ìwé ilẹ̀ ni. Wọ́n á gbé risíìtì ẹbí wá, bàbá àgbà fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí mẹ́ta, wọ́n á ní ilẹ̀ àwọn nìyí ní Tànkẹ́. C of O ńkọ́? Wọn ò ní.

Ìyá_Kúlendé:
Ẹ ṣé o. Ilẹ̀ tiẹ̀ gan-an, risíìtì ẹbí ni. Mo ń bọ̀ ní inbox yín.

Alfa_GàáÀkànbí:
Ṣé ìmáàmù ṣáà ti dárí jì í?

Ìyá_Kúlendé:
Ó dárí jì í, Alfa. Àmọ́ ó ti yọ ọ́ lórí ètò ọjọ́ Jímọ̀.

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Mo ní kí n padà wá sọ ibi tá a dé, ọ̀sẹ̀ kejì rèé. A gba credit report àwa méjèèjì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tèmi dáa. Ti ìyàwó mi, káàdì kan tí kóòtù ti nù nínú Chapter 7, ó ṣì ń hàn pé ó jẹ $4,300, ojoojúmọ́ ló sì ń fa score ẹ̀ wálẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Àwa ò mọ̀! A ti kọ̀wé sí wọn, a so ìwé discharge mọ́ ọn.

Bọ̀dá_Mọ́géèjì:
Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Odo ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó wà nínú bankruptcy. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pè mí.

ỌmọỌlọ́fà_Houston:
Àjọ náà, a ti pààrọ̀. Ọkùnrin yẹn fi ìrẹsì Ọ̀fadà ránṣẹ́ sí wa.

Ìgbómìnà_Pàtàkì:
Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀fadà kì í ṣe tọ̀dọ̀ yín o, ẹ má bá a wọ kóòtù mọ́. Tí ilé bá ti jáde, ẹ fi fọ́tò líńtẹ̀lì rẹ̀ ránṣẹ́ ká fi wé tọ̀hún.